Ohun Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Gbé Sínú Kọ̀ǹpútà

Èmi fúnra mi ni mo tẹ ìtàn yìí. Kò sí ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi tẹ̀ ẹ́, n kò sì wo kíbọ́ọ̀dù. Ẹ má tíì kí mi kú oríire o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ ná.

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Pákó ni mò ń rù ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Mò ń rù ú wọlé, mò ń rù ú jáde, mo sì ń gbá èérún tí ayùn bá dà sílẹ̀. Bàbá Pákó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò nílé ìwé, nígbà tí bàbá wa dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n ní ọmọ kan ṣoṣo ni agbára ilé ká láti rán níwèé. Àbúrò mi obìnrin ni wọ́n rán. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí bóyá ó dùn mí.

Màmá wa fún àwa méjèèjì ní orúkọ àdápè. Àbúrò mi ni Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́, torí pé bó bá ti lajú láàárọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni Adákẹ́. "Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́, jẹ́ kí Adákẹ́ jẹun!" Bẹ́ẹ̀ ni màmá ṣe máa ń pariwo láti ilé ìdáná. Láti ìgbà tí màmá ti kú, kò sí ẹni tó tún ń pe àwọn orúkọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sọ́kàn.

Àbúrò mi yìí ló mú mi wọ ilé iṣẹ́ náà. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń darí ayùn ńlá. Ayùn yẹn kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni àfi ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n á tẹ ìwọ̀n ilẹ̀kùn sí i, ayùn á sì máa rìn lórí pákó fúnra rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀nà. Linux ni wọ́n ní ó wà lórí kọ̀ǹpútà náà. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìyẹn ni ètò ìpìlẹ̀ tó ń mú gbogbo ètò yòókù ṣiṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé gíláàsì ló wà, pé èmi ni mò ń gbá yàrá náà lọ́sàn-án, àti pé àbúrò mi lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kí ló wà nínú ìwé yìí?" mo bi í lọ́jọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀.

"Bọ̀dá mi, gbogbo ètò tí mo fọwọ́ ara mi gbé sínú kọ̀ǹpútà yìí ni mo kọ síbẹ̀. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ni."

"Ṣé nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló gbé e síbẹ̀ ni?"

"Rẹpẹtẹ! Ẹ wò ó. Tí ẹ bá pe àlejò kan wá sílé, ṣé òun nìkan ló máa ń wá? Á mú ìyàwó dání, á mú àna dání, á mú ẹni tó máa bá a gbé báàgì. Kọ̀ǹpútà mọ ẹni tí ẹ pè, ó sì mọ àwọn tó kàn tẹ̀lé e wá. Tí mo bá bi í pé, 'Àwọn wo ni mo fọwọ́ ara mi pè?', á tò wọ́n sílẹ̀ fún mi láti A dé Z. Kì í gbàgbé."

"Kì í gbàgbé rárá?"

"Ó ju ìyá ọkọ mi lọ, Bọ̀dá mi!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Kì í gbàgbé. Mo gbọ́ ọ ketekete. N kò lè sọ lónìí pé wọn kò sọ fún mi.

Ọ̀gá wa jẹ́ káfíńtà àtijọ́ tí ìka rẹ̀ méjì ti bá ayùn lọ. Lọ́jọ́ kan, ó kó gbogbo wa jọ. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa jókòó sẹ́nu géètì, tí yóò máa tẹ iye pákó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú kọ̀ǹpútà kékeré kan.

"Àárín yín ni màá ti mú un," ó ní. "Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni tó mọ títẹ̀ o. N kò fẹ́ ẹni tí á máa fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo."

Mo wo àga tó wà lẹ́nu géètì. Ó ní tìmùtìmù. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ìbàdí ti ń dà mí láàmú, tó jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ di ògiri mú kí n tó lè dìde lórí ibùsùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín!" àbúrò mi pariwo láàárín èrò. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré!"

Akọ̀wé ilé iṣẹ́ wa náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí àti àbúrò mi ni wọ́n jọ ń wá ipò ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo wa sì mọ̀ pé àbúrò mi ni Ọ̀gá fẹ́ fún. Ẹnu Akọ̀wé mú bí abẹ.

"Ẹ kọ́kọ́ kọ́ Bàbá Pákó bí wọ́n ṣe ń di ìwé mú," ó ní, "kó má baà dorí kodò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín díẹ̀ ni, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n mo rí i.

"Má yọ ara rẹ lẹ́nu," mo sọ fún un.

Ohun tó wà nínú mi kọ́ nìyẹn. Ohun tó wà nínú mi ni pé: ìwọ tí wọ́n torí rẹ mú mi kúrò níwèé, ìwọ náà ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Onífọ́tò kan wà ní òpópónà tí mò ń gbé, tó ń ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ káàdì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti rí eré kan lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà ló ń já bọ́ láti òkè bí òjò, àwọn ilé kéékèèké sì wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá tètè tẹ lẹ́tà náà, á fọ́ sáfẹ́fẹ́. Tí ẹ bá jẹ́ kó balẹ̀, á wó ilé kan.

"Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún," Onífọ́tò ní. "Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ èmi gan-an."

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro mí. Eré yìí kò fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ ẹ sórí kọ̀ǹpútà kan níbi iṣẹ́ mi," mo ní.

"Ṣé Linux ni wọ́n ń lò?"

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀."

Ó ya bébà kan, ó kọ ìlà mẹ́ta sí i ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà yìí gẹ́lẹ́. Linux tèmi yìí tuntun, tiyín lè má tuntun tó bẹ́ẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ ló máa jẹ́ kó lè mú ohun tuntun wọlé. Á béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà á bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ tẹ Y. Y ni 'bẹ́ẹ̀ ni'."

"Y."

"Ó tán."

N kò bi í ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Mo ti ní i lọ́wọ́. Àbúrò mi ló sọ ọ́ fún mi láti ọdún tó kọjá, pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ohun tí màmá ń pè mí ni mo fi ṣe é, Bọ̀dá mi. Èmi àti ẹ̀yin nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n. Ta ló fẹ́ jí i?"

Ọjọ́ Ajé ni mo ṣe é. Aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, gbogbo èèyàn ti jáde lọ jẹun. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi ti ògiri. Ètò ayùn wà ní ṣíṣí lójú kọ̀ǹpútà, mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ti ń ṣọ́ àbúrò mi tó ti pẹ́, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí ojú ewé dúdú tí wọ́n ń kọ̀wé sí.

Mo da ìlà Onífọ́tò kọ síbẹ̀, ó sì béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. E. L. E. J. O. Ìka kan ṣoṣo, bí adìẹ.

Mo gbójú sókè. Láti ojú fèrèsé, mo rí àbúrò mi lẹ́yìn òkìtì pákó níta, ó jókòó sórí ìtì igi, ó gbé abọ́ oúnjẹ lé itan. Ó rí mi. Ó na ṣíbí sí mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo na ọwọ́ sí i padà. Ọwọ́ kan náà ni.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìlà lórí ìlà. Ó dé ibì kan, ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ ní lẹ́tà ńláńlá, nígbà tí gbogbo ìyókù jẹ́ lẹ́tà kéékèèké. N kò mọ̀ ọ́n kà. Lónìí mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń sọ ni pé, àwọn wọ̀nyí yóò kúrò. Ó ń bi mí bóyá kó máa lé wọn jáde.

Onífọ́tò ti ní Y. Mo tẹ Y.

Eré náà wọlé. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè orúkọ mi. Orúkọ tó wà nínú ìwé iṣẹ́ kò ṣeé kọ síbẹ̀, n kò sì fẹ́ jẹ́ Bàbá Pákó níbẹ̀. Mo tẹ ADAKE.

Lọ́jọ́ yẹn, ogójì ni máàkì tí mo gbà, gbogbo ilé mi ló wó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé méjì ṣẹ́ kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá lẹ́tà lójú àlá. Mò ń ru pákó, ìka mi ń tẹ nǹkan lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, mo ti gba ẹgbẹ̀rún méjì ó lé, ilé kan kò wó. N kò láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti wà níwèé kẹrin.

Ayùn sì ń ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló tàn mí jẹ. Ètò tó ń darí rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí kí n tó lé e jáde, àbúrò mi kì í sì pa kọ̀ǹpútà náà àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ti kó kúrò nílé, òjìji rẹ̀ ló ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo gbọ́ bàtà Akọ̀wé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo yára pa eré náà dé. Mo mú àwòrán kékeré rẹ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà, mo wọ́ ọ sínú agolo ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Agbálẹ̀ ni mí. Ohun tí mo bá ti gbá sínú agolo, ó ti lọ.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́jọ́bọ̀, àbúrò mi àti Ọ̀gá ti fa ọ̀rọ̀ níwájú gbogbo èèyàn, torí pé Ọ̀gá kàn ń sún ọ̀rọ̀ ipò náà síwájú. Àbúrò mi fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ṣùgbọ́n inú ń bí i: "Ẹ máa ṣe é lọ, Ọ̀gá. Ọjọ́ tí mo bá kúrò níbí, ẹ ó mọ ẹni tó ń mú ayùn yín rìn!"

Gbogbo wa gbọ́. Akọ̀wé gbọ́ jù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àbúrò mi tan kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ó ti lọ! Bọ̀dá mi, ètò ayùn ti lọ! Kò sí níbí mọ́!"

Ọgọ́ta ilẹ̀kùn la fẹ́ gé fún ilé ìwòsàn kan tí wọ́n fẹ́ ṣí lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀gá sáré wọlé. Akọ̀wé tẹ̀lé e.

"Ṣebí ẹnìkan ló ní a ó mọ òun lọ́jọ́ tí òun bá lọ," Akọ̀wé ní. "Àfi bíi pé ó fẹ́ ká kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Irú ọ̀rọ̀ rádaràda wo nìyẹn?" àbúrò mi ní. "Ọ̀gá, ẹ fún mi ní wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Má fọwọ́ kàn án," Ọ̀gá ní.

"Ọ̀gá!"

"Mo ní má fọwọ́ kàn án. Kí o lè nu ipa ẹsẹ̀ rẹ nù? Ìwọ nìkan lo ní ọ̀rọ̀ ìwọlé. Màá pe ẹlòmíràn wá láti ìta."

Ọjọ́ méjì ni ayùn fi dúró bí òkú. Àbúrò mi wá bá mi ní yàrá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò jókòó.

"Bọ̀dá mi, ta ló lè ṣe irú èyí sí mi?"

"Ọlọ́run á tú u fó," mo ní.

Ẹnu mi yìí ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún bu omi fún un mu.

Lọ́jọ́rú, obìnrin kan dé, ó wọ gíláàsì ojú, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá, Akọ̀wé, àbúrò mi àti àwọn agépákó mẹ́rin kún inú yàrá kékeré náà. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Onígíláàsì rí ìwé ara ògiri. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni," àbúrò mi ní. "Gbogbo ohun tí mo fọwọ́ ara mi gbé sí i ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo gbé e sí i."

Onígíláàsì wò ó dáadáa. "O ṣeun. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe é. Iṣẹ́ wa á yá."

Ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà: apt-mark showmanual, ìyẹn ni pé, 'Àwọn wo ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pè?' Mo mọ ohun tó tẹ̀, torí pé mo ti mọ lẹ́tà báyìí. Orúkọ yọ lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan. Ó kà wọ́n.

"Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n. Mélòó ló wà lára ògiri?"

"Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n," Akọ̀wé ní.

"Ó pé nìyẹn," Ọ̀gá ní.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bíi kí n fò sókè. Agolo ìdọ̀tí ti ṣiṣẹ́ rẹ̀!

"Kò lè pé!" Àbúrò mi ti sún síwájú. "Ètò ayùn ti kúrò, ọgbọ̀n ló yẹ kó kù. Tó bá jẹ́ ọ̀kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹnìkan wọlé tí n kò pè. Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ kà á lórúkọ."

Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti A. Akọ̀wé mú bírò, ó ń fi àmì sí ìwé ara ògiri. "Ó wà." B. "Ó wà." C. "Ó wà." Mo mọ lẹ́tà tó kàn kó tó kà á. Gbogbo wọn ni mo ti fọ́ lójú ọ̀run. Wọ́n dé ibi tó yẹ kí ètò ayùn wà, wọ́n kọjá, kò sí. M. N. P. S. Wọ́n dé T.

"Èyí kò sí níbí," Akọ̀wé ní.

Onígíláàsì tẹjú mọ́ ọn. "Èyí kì í ṣe mo-gbọ́-mo-yà o. Wọ́n pè é wá ni. Ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síbẹ̀." Ó tún ṣí ojú ewé mìíràn. "Òun ló lé ètò ayùn jáde. Àwọn tó tẹ̀lé e wá tuntun jù fún ètò ayùn, wọn kò lè jọ gbé yàrá kan. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kó lé e, ẹnìkan sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Mo sì rí orúkọ tí wọ́n fi wọlé."

"Orúkọ ta ni?" Ọ̀gá béèrè.

"Ti àǹtí yìí."

"Mi ò sí níbí láago kan!" àbúrò mi ní. "Mo wà lẹ́yìn pákó, mò ń jẹun. Bọ̀dá mi rí mi! Mo na ṣíbí sí wọn, wọ́n wà nínú yàrá yìí gan-an, wọ́n ń..."

Ó dúró. Ó ti gbọ́ ohun tó sọ.

Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Pákó," Ọ̀gá ní, "ìwọ lo wà níbí láago kan?"

Gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Èmi ni, Ọ̀gá. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo wo Akọ̀wé tó di bírò mú. Mo wo àga tó ní tìmùtìmù, tí mo lè rí láti ibi tí mo dúró sí.

"Mò ń gbálẹ̀ ni, Ọ̀gá," mo ní. "Àbí kọ̀ǹpútà? Èmi? Ìwé kẹrin ni mo ti kúrò. Tí wọ́n bá kọ orúkọ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, màá gbá a mọ́ èérún pákó ni."

Ẹ̀rín bú. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹ fi Bàbá Pákó sílẹ̀ ẹ jọ̀ọ́! Èyí tó ń di ìwé mú lódìlódì!"

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣé o rí àbúrò rẹ lẹ́yìn pákó lọ́jọ́ náà?"

"N kò rántí, Ọ̀gá. Ilẹ̀ ni mò ń wò."

Ohun tí mo ti ń tijú fún ní ogójì ọdún ni mo sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án yẹn. Ó sì bò mí dáadáa.

"Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ètò yìí ń ṣe," Onígíláàsì ní.

Ó ṣí i. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. "Eré ìkọ́ títẹ̀ lásán ni," ó ní. Ó tẹ nǹkan kan, orúkọ àwọn tó ti ta eré náà sì yọ síta, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìlà mẹ́wàá. ADAKE, ogójì. ADAKE, àádọ́sàn-án. ADAKE, ADAKE, ADAKE, títí dé ẹgbẹ̀rún méjì ó lé.

"Ta ni Adákẹ́?" ó béèrè. "Ẹni yìí kọ́ ọ lóòótọ́ o. Ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Kò sí ẹni tó mọ̀. Àwọn agépákó ń wo ara wọn.

Àbúrò mi ka ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó kà á lọ, ó kà á bọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ń dúró ni. Ó fún mi láyè, mo sì mọ̀ pé ó fún mi láyè. Mo wo ìgbálẹ̀ mi.

"Ṣé o mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ọ̀gá bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ó ní. "N kò mọ̀ ọ́n mọ́."

"Ta ni?"

Ó ṣì ń wò mí.

"Mo ní ta ni! Tí o kò bá dárúkọ rẹ̀, ìwọ ni."

Àbúrò mi, Ẹlẹ́jọ́wẹ́wẹ́ tí kì í gbẹ́nu dákẹ́, kò dáhùn. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì. Ó já ìwé rẹ̀ lára ògiri, ó ká a, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde. Aṣọ rẹ̀ kan ìgbálẹ̀ mi.

Wákàtí kan péré ni Onígíláàsì fi dá ètò ayùn padà. Wákàtí kan tí àbúrò mi bẹ̀bẹ̀ fún gan-an. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ti gbé ọgọ́ta ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé di ọ̀gá wa. Wọ́n fi ẹlòmíràn jókòó sórí àga ẹnu géètì. Ìka kan ló fi ń tẹ̀.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni àbúrò mi tún lọ láti ìgbà náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló béèrè nípa rẹ̀ lọ́wọ́ Akọ̀wé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò pè é padà. Ní báyìí, ó ń bá ẹnìkan lọ aṣọ. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá. N kì í yà.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ara mi kò gbà á mọ́. Mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ọ̀gá, èmi ni Adákẹ́. Èmi ni mo gbé eré yẹn síbẹ̀. Àbúrò mi kò mọ nǹkan kan."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sì mi orí. "Bàbá Pákó, o nífẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n má parọ́ nítorí rẹ̀. Ìwọ tí o kò mọ orúkọ ara rẹ nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó sídìí..."

"Sídìí kọ̀ǹpútà mi? Kí ayùn mi tún kú?" Ó ń rẹ́rìn-ín. "Dìde jàre. Pákó ń bẹ níta."

Mo jáde lọ ru pákó.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ ìtàn yìí lórí kọ̀ǹpútà Onífọ́tò, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí yín. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde, màá ra ẹ̀dà kan, màá gbé e sórí tábìlì Ọ̀gá, màá sì kà á sí i létí láti ìlà àkọ́kọ́. Kó wá rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo lọ sí ibi tí àbúrò mi ti ń lọ aṣọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ. Ó lọ kọ́là, ó lọ apá méjèèjì, ó ká a.

Lẹ́yìn náà, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì mú ìwé ara ògiri yẹn níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ já. Ọ̀kànlélọ́gbọ̀n wà níbẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú àmì tí Akọ̀wé fi bírò sí wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti fi ọwọ́ rẹ̀ kọ ìlà kan kún un.

Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ kà á sókè," ó ní. Kò pè mí ní Bọ̀dá mi.

Ó kọ nọ́ńbà méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kọ orúkọ eré náà. Ó kọ ọjọ́ àti aago. Níwájú rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e síbẹ̀.

Mo kà á. N kò kọsẹ̀ níbì kankan.